Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Fi Ń Ṣeré Lẹ́yìnkùlé

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Àwa mẹ́rin ni a wà nínú kíṣìnì Miss Loretta: àwọn fúnra wọn, Kiara ọmọ-ọmọ wọn, Dayọ̀ ọmọ mi, àti èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ilé wọn ni ó kọjú sí tiwa ní Redan, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti shift dé, mo wá mú Dayọ̀. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń tọ́jú fún oúnjẹ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀fọ́ collard tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Miss Loretta jókòó pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́, wọ́n ń yọ igi àárín ewé. Àwọn ọmọ méjèèjì wà nídìí síǹkì, wọ́n ń ṣan ewé ní omi mẹ́ta, nítorí Miss Loretta kì í jẹ ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi omi méjì ṣan. Kiara ta omi sí Dayọ̀ lójú. Dayọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká, ó sì fi ọ̀rọ̀ yẹn pè é. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń pe ẹrú ní ilẹ̀ yìí, tí àwọn ọmọ ẹrú wá gbà lọ́wọ́ wọn, tí àwọn kan nínú wọn sọ di orúkọ ọ̀rẹ́. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀bẹ dúró. Omi ẹ̀rọ nìkan ló ń dún. Kiara na ọwọ́, ó pa á.

“Ta ni o pè bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi?”

“Ẹ má bínú, ma,” ni Dayọ̀ wí.

“Grandma, eré ni,” Kiara sọ. “Èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀ pé o máa ń pè é. Etí mi ò tíì di. Ìwọ àti èmi ṣì máa jókòó sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.”

“Ṣebí Grandpa ń sọ ọ́! Bí àwọn àti àwọn àbúrò wọn bá ń ta káàdì, kí ni wọ́n tún ń sọ?”

“Ó sọ ọ́ títí ó fi kú, mo sì bá a jà lórí ẹ̀ títí ó fi kú. Wọ́n pe bàbá ẹ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹ̀, bàbá ẹ̀ sì ní láti rẹ́rìn-ín, kó dáhùn ní ‘yes, sir’. Ó ní ìdílé òun ti san owó ọ̀rọ̀ náà tán, òun lè lò ó bó ṣe wu òun. Mo ní ta ló fẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ nínú ilé? A ò parí ìjà náà. Ṣùgbọ́n ìjà ilé wa nìyẹn.” Wọ́n wá yíjú sí Dayọ̀. “Ìwọ, kì í ṣe ti ilé yín.”

Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa ń sọ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ní Yorùbá yìí, mo ń fi ‘wọ́n’ pe Miss Loretta nítorí pé àgbà ni wọ́n. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Dayọ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó pé mẹ́sàn-án nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ilé ìwé sí ẹnu ọ̀nà Miss Loretta dípò tiwa. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń din ẹja, ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé òun ti di obìnrin. Èmi kò mọ ohun tí à ń sọ fún ọmọbìnrin ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Miss Loretta ni wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ pé kí n má bẹ̀rù.

Mo fẹ́ kí Dayọ̀ dákẹ́. Kò dákẹ́.

“Miss Loretta, èmi náà dúdú. Ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé wa kiri nínú ṣọ́ọ̀bù ní mall, ṣé Kiara nìkan ló ń tẹ̀ lé ni? Èmi ló ní kí n ṣí báàgì mi. Kò kọ́kọ́ bi mí pé ṣé Yorùbá ni mí.”

Miss Loretta wò ó pẹ́. Mo rò pé ojú wọn rọ̀. “Ìyẹn dùn mí, ọmọ mi. Mi ò ní sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan kan. Nínú ilé yín níbẹ̀ yẹn, kí ni ẹ ń pe àwa?”

Dayọ̀ wo ojú mi. Èmi ń wo ẹ̀fọ́.

“Àkátà,” ni Miss Loretta fúnra wọn wí. Ohùn ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lẹ́nu wọn. “Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá àwọn èèyàn yín ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Wọ́n á máa sọ ọ́ níṣojú mi bí ẹni pé àga ni mí. Àti ìwọ, Mr. Ṣọlá. Lórí àga mi, ní iwájú ilé mi, lórí fóònù. O ṣì ní tíì mi lọ́wọ́.” Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n mú ewé mìíràn, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. “Mú ọmọ rẹ lọ sílé. Kó má wá ní Monday. Ó rẹ̀ mí.”

A sọdá títì. Kò gbà ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ láti ẹnu ọ̀nà wọn sí tiwa, ṣùgbọ́n ó rí bí ẹni pé gbogbo àdúgbò jáde wá wò wá, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kan níta. Mo ń ronú Monday. Mo ń ronú Tuesday. Aago méje ni shift mi máa ń parí lọ́jọ́ ìwé. Kì í ṣe wákàtí tí ọmọ náà yóò fi dá wà nìkan ló ń já mi láyà. Ó ti tó ọmọ tó lè dá wà. Ó ti sin ìyá kan. N kò mọ bí yóò ṣe rí bí ó bá tún pàdánù èkejì, tí ó sì jẹ́ pé ẹnu èmi àti òun ni a fi lé e lọ.

“Daddy, ṣé true ni?” Dayọ̀ bi mí nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn.

“Òótọ́ ni.”

“Ẹ pe Miss Loretta bẹ́ẹ̀? *Miss Loretta?*”

“Big Daddy ní Ìṣẹ́yìn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.”

“Kí ló túmọ̀ sí gan-an? Mo kàn máa ń gbọ́ ọ ni, lẹ́nu ẹ̀yin àti Mummy.”

“Wọ́n ní ẹranko inú igbó kan ni. Èyí tí kì í gbé ilé.”

“Wow,” ó ní. “Daddy, wow.” Ó wọ yàrá rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbá ilẹ̀kùn. Ìbá sàn fún mi bí ó bá gbá a.

Mo jókòó sí kíṣìnì, mo sì rántí ohun tí mo sọ lórí fóònù ọjọ́ náà, nítorí pé n kò gbàgbé rẹ̀ rí. Oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìṣẹ́yìn ń bi mí pé ta ló ń tọ́jú ọmọ. Mo ní: “Àkátà kan níwájú ilé ni. Àwọn èèyàn náà ò ṣeé sún mọ́ o, ṣùgbọ́n eléyìí ò ṣe bíi tiwọn.” Ìyìn ni mo rò pé mò ń yìn wọ́n. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí wọn bí mo ti ń sọ ọ́, mo gbé ife tíì sókè díẹ̀, wọ́n sì rẹ́rìn-ín padà. Nínú gbogbo gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi gbé e sínú, tí wọ́n ń fún ọmọ mi lóúnjẹ. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ ẹni tí mo ń gé. Mo ti ṣe é rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ọdún tí wọ́n gbé páànù tuntun lé ilé wa ní Ìṣẹ́yìn ni. Ìró méjì ni mo fi rántí ọdún náà: òjò lórí páànù, tí gbogbo wa ń pariwo sọ̀rọ̀ kí a tó gbọ́ ara wa, àti òfì láti ẹ̀yìnkùlé. Òfì ni ó máa ń jí mi. Kí n tó fọ ojú, mo ti ń gbọ́ igi tí ahunṣọ ń jù láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, kọ̀, kọ̀, lẹ́yìn náà ìró aṣọ tí wọ́n ń lù pọ̀. Ìyá bàbá mi a ti máa gbá ọ̀ọ̀dẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n nu gíláàsì fìtílà, kí n pọn omi méjì, kí n sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà lọ fún ẹni tó wà nídìí òfì. Orúkọ tí gbogbo ilé ń pè wọ́n ni Bàbá Ìdí Òfì. Bàbá mi ló ni òfì méjì tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bàbá Ìdí Òfì ni ó ń mú aṣọ jáde. Àwọn àti àbúrò wọn obìnrin, Ìyá Ẹlẹ́kọ, ń gbé nínú yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé. Bí mo bá gbé ẹ̀kọ dé, wọn a ní kí n jókòó kí n bá wọn ká òwú, wọn a sì bu àkàrà wọn sí méjì. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún bàbá mi pé kí n lọ sí ilé ìwé. Wọ́n ní ọmọ tó lè ka òwú àwọ̀ mẹ́rin láìṣìṣe yóò ka ìwé. Bàbá mi ti gbà. Ó ku oṣù mẹ́ta kí ilé ìwé wọlé.

Ohun kan tó dùn mọ́ mi jù ní àárọ̀ ni bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà ṣe ń kí ara wọn. Ìyá Ẹlẹ́kọ a jáde pẹ̀lú ìkòkò lórí, a ní: “Ẹrú, ṣé o ti jí?” Bàbá Ìdí Òfì a dáhùn láìgbójú sókè: “Ẹrú tó ni ọ́ ti jí tipẹ́. Níbo lo sùn sí?” Àwọn méjèèjì a rẹ́rìn-ín títí iṣan ọrùn wọn a fi yọ. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kí ẹlòmíràn báyìí. Ní iwájú ilé, ìkí tiwa ní ìdọ̀bálẹ̀ nínú, ó ní ìkúnlẹ̀, ó ní ‘ṣé a jí dáadáa’. Tiwọn ní ẹ̀rín. Mo máa ń fẹ́ kí wọ́n kí èmi náà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kò sì sọ fún mi pé wọ́n mú ìyá ìyá wọn wá sí ilé wa láti ojú ogun, pé bàbá bàbá mi ni ó mú un wá. A kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbòmíràn pẹ̀lú. Mo ti gbọ́ ọ nínú yàrá ìyá bàbá mi, nígbà tí ẹ̀rín bá pọ̀ jù lẹ́yìnkùlé: “Àwọn ẹrú wọ̀nyí tún ti bẹ̀rẹ̀.” Wọn a sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọn a sì ti fèrèsé. Ọmọ ni mí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu méjì, mo rò pé ọ̀kan náà ni.

Ọjọ́ kan, oníbàárà bàbá mi kan wá láti Ìbàdàn. Òun àti bàbá mi dúró nídìí òfì, wọ́n ń wo aṣọ tó wà lórí igi. Mo gbé ẹ̀kọ dé. Inú mi dùn, mo fẹ́ kí àlejò rí i pé èmi àti Bàbá Ìdí Òfì mọwọ́ ara wa. Mo ní: “Ẹrú, oúnjẹ rẹ dé o!”

Ọwọ́ Bàbá Ìdí Òfì dúró. Mo rántí pé mo dúró de ẹ̀rín. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Àlejò wo bàbá mi, ó wá ń yẹ etí aṣọ wò bí ẹni pé nǹkan kan bàjẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ìdí Òfì kò wo èmi rárá. Bàbá mi ni wọ́n wò. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń wá lójú bàbá mi. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ, bóyá ẹ̀yìnkùlé ni, tàbí iwájú ilé. Ojú bàbá mi sì sọ fún wọn. Wọ́n gba àwo lọ́wọ́ mi, wọ́n ní: “O ṣeun, ọmọ.” Wọn kò bu àkàrà.

Bàbá mi kò nà mí. Mo dúró de pàṣán títí di ọ̀sán, kò dé. Ìyá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n mú mi lọ sẹ́yìnkùlé kí a lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú ohun tí wọ́n máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ bá le: “Ẹ jẹ́ kó tutù ná.” Láti lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n ní láti dárúkọ ohun tí a ṣe, a kò sì dárúkọ rẹ̀ rí nínú ilé náà láti ayé bàbá wọn. Ìyá Ẹlẹ́kọ kò kí ẹ̀gbọ́n wọn bẹ́ẹ̀ mọ́ ní àárọ̀. Òfì nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun náà dákẹ́; mo jí nítorí pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti kó lọ sí Òkehò, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú ìkòkò àti ẹní. Iṣẹ́ oníbàárà wà nílẹ̀ láìparí. Bàbá mi fi mí sídìí òfì, nítorí èmi ni mo mọ òwú. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí n tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní, láàárín àwọn tó dé mi níbàdí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi pẹ́ wọ ilé ìwé, mo máa ń ní kò sí owó. Owó wà.

Ní aago méje Dayọ̀ jáde wá jẹun. Mo bu ìrẹsì fún un, mo sì sọ ìtàn náà fún un bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kò tó báyìí, nítorí n kì í lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ rí.

“Ṣé ẹ bẹ̀ wọ́n?” ó bi mí.

“Rárá.”

“Bàbá yín ńkọ́?”

“Wọ́n ní ká jẹ́ kó tutù.”

“Ṣé ó tutù?”

“Wọ́n kó lọ, Dayọ̀.”

Ó ń fi ṣíbí yí ìrẹsì ká. “Kiara ló fún mi láyè láti máa sọ ọ́. Ó ní no big deal. Mi ò jí i.”

“Mo mọ̀. Ṣé ti Kiara nìkan ni, tí ó fi lè fún ọ?”

“Àbí ti ta ni? Miss Loretta kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Grandpa Kiara ní òun lè sọ ọ́. Kiara ní èmi náà lè sọ ọ́. Àwọn fúnra wọn ò gbà fún ara wọn, Daddy. Àti pé tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀ ní ìta, tí kì í ṣe eré, kí ni kí n ṣe? Kí n ní ẹ má bínú, ẹ ti ṣi ilé yà?”

Mo sọ fún un pé wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí, lọ́dún kejì tí mo dé, níbi tí mo ti ń ra epo ọkọ̀ ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Snellville. Ọkùnrin kan ló pariwo rẹ̀ láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì sá lọ. Ohun tó sì kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kì í ṣe èmi ló ń bá wí, pé àwọn àkátà ló rò pé òun rí. Mo ti ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ara mi, mo tì í sórí àwọn bíi Miss Loretta, ara sì tù mí.

Dayọ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ìyẹn burú, Daddy.”

“Ó burú.”

“Ṣé kí n bá yín lọ lọ́la?” N kò tíì sọ pé mò ń lọ.

“Rárá. Tèmi lọ́tọ̀, tìrẹ lọ́tọ̀.”

N kò sùn dáadáa. Ẹ̀rù tó bà mí jù ni pé ó ṣeé ṣe fún mi láti mú un rọrùn fún ara mi. Ọ̀rọ̀ kan ni Miss Loretta gbọ́. Mo lè bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n lè dárí jì mí, Dayọ̀ á sì sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Monday. Ìyókù gbólóhùn náà yóò kú sọ́dọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá sì sọ ọ́, bóyá ilẹ̀kùn náà kò ní ṣí fún ọmọ mi mọ́ láéláé.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, mo sọdá títì, mo tẹ agogo. Miss Loretta ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kò tíì dé fìlà. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gidi, wọ́n fi ti nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní títì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀.

“Mr. Ṣọlá, kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?”

“Kò sí, ma. Bí a ṣe ń kí àgbà ni.”

Mo ní mo wá nítorí ọ̀rọ̀ orí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n. Mo ní kò tíì tán. Mo sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ohùn yẹn. Lẹ́yìn náà mo túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn pé mo ní àwọn èèyàn wọn kò ṣeé sún mọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ní àwọn fúnra wọn kò ṣe bíi ti àwọn èèyàn wọn. Mo sọ fún wọn pé mò ń rẹ́rìn-ín sí wọn lójú nígbà tí mò ń sọ ọ́.

“Ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan ni mo gbọ́ lọ́jọ́ náà,” ni wọ́n wí.

“Mo mọ̀, ma.”

“Kò pọn dandan kí o sọ ìyókù fún mi.”

“Mo mọ̀.”

Wọ́n gbé ọwọ́ sórí igi ilẹ̀kùn. Wọn kò ṣí èyí tí í ṣe nẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì ti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń wò mí. N kò wo ilẹ̀, n kò sì padà sílé. Mo dúró síbẹ̀.